Ẹmu ló kọ́kọ́ tú àṣírí: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ bíríkìlà kan tó ní lymphoma, jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ní Èkìtì

Ọ̀rá dúdú ni ìyá rẹ̀ gbé wọlé. Gbogbo ìwé àyẹ̀wò oṣù mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú páálí oògùn ikọ́ fée tó ti ṣófo, àti ìgò àgbo kan tí wọ́n fi bébà wé. Ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ kóòtù nínú oòrùn ọ̀sán gangan ní Adó-Èkìtì. Ọmọ ọdún 28 ni, bíríkìlà ni, láti ìlú kan lápá Ìkẹ́rẹ́. Mo ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Èyí tó kan ìtọ́jú rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ kàn.

Kókó wà lọ́rùn rẹ̀ lápá òsì, ó tó ẹyin adìẹ, kì í dùn ún bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ó ní nígbà tó kọ́kọ́ yọ, kò ju kóró ẹ̀pà lọ. Kẹ́mísì àdúgbò fún un ní kápúsù aláwọ̀ méjì, ó lò ó tán, ó tún ra òmíràn. Àgbo tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lálẹ́, òógùn sì ń bò ó débi pé ìyá rẹ̀ máa ń fún aṣọ ibùsùn rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni fún aṣọ tí òjò pa. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó rù láti kìlógíráàmù 71 sí 60.

Ilé ìwòsàn kan tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, wọn ò rí kòkòrò ikọ́ fée níbẹ̀. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ ESR, ó jẹ́ 104. Ibà, òógùn òru, rírù, kókó ọrùn, ESR tó ga fíofío: wọ́n ní ikọ́ fée ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀. Mi ò lè bá wọn jà torí pé ikọ́ fée ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Bí ẹni mẹ́wàá bá wọlé tọ̀ mí wá báyìí lágbègbè wa, òun náà ni yóò kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí mo bá wọn wí sí ni pé wọ́n fi ESR ṣe ẹlẹ́rìí. ESR kò mọ ikọ́ fée. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó sọ iye mìlímítà tí ẹ̀jẹ̀ pupa fi rọlẹ̀ nínú ọ̀pá láàárín wákàtí kan. Bí iná bá ń jó nínú ara, ìyẹn bí ara bá ń bá àrùn jà, ó máa ń tètè rọlẹ̀. Ó ń sọ fún ọ pé èéfín ń rú, kò sọ ilé ẹni tó ń jó.

Ohun tó wá da gbogbo rẹ̀ rú ni pé oògùn náà kọ́kọ́ jọ pé ó ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibà náà lọ. Inú gbogbo ilé dùn. Nígbà tó di bí ọjọ́ mẹ́wàá, ó padà dé, ó tún lọ, ó tún dé. Láti àwọn ọdún 1880 ni dókítà méjì, Pel àti Ebstein, ti ṣàpèjúwe irú ibà bẹ́ẹ̀: á wá fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á sinmi, á tún padà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní àrùn Hodgkin, irú lymphoma kan, ló ń ṣe é, kódà kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó bá ti ń ṣe é, oògùnkóògùn tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ibà náà fẹ́ sinmi ni yóò gba ìyìn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ Èkìtì ni màmá yìí, kò sí bí yóò ṣe bá èèyàn sọ̀rọ̀ tí kò ní dé orí oúnjẹ.

“Ṣé o ṣì ń jẹ iyán?”

“Mò ń jẹ ẹ́, mà. Ẹmu ni mo ti pa tì.”

“Ẹmu? Kí ló dé?”

“Tí mo bá ti mu ife kan báyìí, ibí yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí wọnú egungun.” Ó gbé ọwọ́ lé kókó náà. Ó ní òun rò pé wọ́n ti ń lú ẹmu ni, ìgbà méjì lòun ti pààrọ̀ ẹlẹ́mu.

Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ tíì kọ ọ́ sílẹ̀ tó fi pè mí: “Dókítà, ẹ wá gbọ́ o.”

Kí kókó máa dunni lẹ́yìn ọtí, ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe ẹnì kan, orúkọ Hodgkin ló máa ń gbé wá sọ́kàn dókítà tó bá ti kà nípa rẹ̀ rí. Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ yìí fi ń gbé àmì náà kiri. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan nínú ọ̀rá dúdú yẹn tó béèrè nípa ẹmu.

Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan nínú kókó náà nígbà kan, èsì rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lásán, kò sí jẹjẹrẹ. Èsì yẹn kì í ṣe irọ́. Nínú kókó Hodgkin, sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ jẹjẹrẹ gan-an kì í sábà ju ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn yòókù jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè, bí olè kan ṣoṣo tó kó ọgọ́rùn-ún èrò yí ara rẹ̀ ká ní Ọjà Ọba. Abẹ́rẹ́ wọ àárín èrò, èrò ló mú bọ̀. A bẹ àwọn oníṣẹ́ abẹ pé kí wọ́n yọ odindi kókó kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì: sẹ́ẹ̀lì Reed-Sternberg, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ Hodgkin, wà níbẹ̀, CD30 àti CD15, àwọn àmì ara rẹ̀, sì jáde nígbà tí wọ́n rẹ ẹ́ láró. Hodgkin ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní nodular sclerosis.

Ọ̀rọ̀ olè àti èrò yìí gan-an ni ìdí tí àyẹ̀wò iná inú ara fi wúlò nínú àrùn yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ń tú ohun kan tó ń jẹ́ interleukin-6 sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á gbọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe CRP, purotéènì kan tó ń pọ̀ bí iná bá ń jó nínú ara, lọ́pọ̀ yanturu, á sì dín albumin, purotéènì mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀, kù. Ara á ti irin mọ́lé, ẹ̀jẹ̀ á máa gbẹ. Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, irú tó ń jẹ́ neutrophil á pọ̀, irú tó ń jẹ́ lymphocyte á kéré. Nítorí náà, ká tó fi oògùn kankan sí i lára, a kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà: ESR 112, CRP 96, albumin 29, hemoglobin (òṣùwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) 9.4, ẹ̀jẹ̀ funfun 16.8, tí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ neutrophil, tí 12 jẹ́ lymphocyte. Àyẹ̀wò HIV rẹ̀ kò ní nǹkan kan nínú.

Ó ku àwòrán. X-ray àyà fi nǹkan funfun kan hàn láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ àyà lọ. Wọ́n ta ọ̀kadà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí wọ́n tó rí owó CT, àwòrán inú ara tó ṣe kedere ju X-ray lọ. CT náà ní sẹ̀ǹtímítà 11.2 ni ti àárín àyà, kókó wà lọ́rùn méjèèjì, ó sì wà nínú ikùn pẹ̀lú. Bó bá ti wà lókè àti nísàlẹ̀ iṣan tó pín àyà níyà sí ikùn, ìpele kẹta nìyẹn. Tòun ti ibà, òógùn àti rírù, a kọ IIIB sílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibí ni ìyá béèrè ohun tí gbogbo ìyá máa ń béèrè: “Dókítà, ṣé yóò yè é?”

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àrùn Hodgkin yóò ṣe rí lẹ́yìn ìtọ́jú, tí Hasenclever àti Diehl gbé jáde lọ́dún 1998, tí wọ́n fi ìtàn aláìsàn 5,141 ṣe. Nǹkan méje ló wà níbẹ̀: kéèyàn jẹ́ ọkùnrin, kó ti pé ọdún 45, kí àrùn wà ní ìpele kẹrin, kí albumin má pé 40, kí hemoglobin má pé 10.5, kí ẹ̀jẹ̀ funfun pé 15, kí lymphocyte sì kéré gan-an. Ẹ wo mẹ́rin tó gbẹ̀yìn dáadáa. Òjìji iná inú ara ni gbogbo wọn. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní: àwọn èèyàn ń wá àyẹ̀wò tuntun olówó ńlá kiri, àmọ́ ìdajì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ òṣùwọ̀n yẹn wà nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí láàbù ìlú kékeré lè ṣe.

Ọmọ wa ní mẹ́rin nínú méje. Nínú ìwé ọdún 1998 yẹn, 51 nínú 100 àwọn tó ní mẹ́rin ni àrùn wọn kò gbérí láàárín ọdún márùn-ún. Mi ò lè sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè. Mo ní, “Mama, àrùn tó ń gbọ́ oògùn ni. Àmọ́ a bá a lójú ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀, yóò fúnra rẹ̀ sọ fún wa láàárín oṣù méjì.”

Kẹ́mò tí wọ́n ń pè ní ABVD, àkópọ̀ oògùn mẹ́rin, la fún un, dírípù kan ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, méjì ló ń jẹ́ ìpín kan. Níbi tí nǹkan ti rọ̀ṣọ̀mù, lẹ́yìn ìpín kejì ni wọ́n máa ń ṣe àwòrán tó ń jẹ́ PET. Wọ́n á fún èèyàn ní ṣúgà tí wọ́n ti so fluorine-18, ohun kan tó ń tú ìtànṣán, mọ́, ibi tí jẹjẹrẹ bá ti wà láàyè á jẹ ṣúgà náà, á sì tàn nínú àwòrán. Wọ́n á wá fi ìtànná rẹ̀ wé ti ẹ̀jẹ̀ àárín àyà àti ti ẹ̀dọ̀, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 5, èyí tí wọ́n ń pè ní Deauville, orúkọ ìlú kan ní Faransé. Gallamini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde ní 2007 lórí aláìsàn 260: àwọn tí PET wọn mọ́ lẹ́yìn ìpín kejì, 95 nínú 100 ni àrùn wọn kò gbérí láàárín ọdún méjì, àwọn tí tiwọn ṣì ń tàn, bíi 13 péré. Lójú èsì yẹn, òṣùwọ̀n onínǹkan méje kò ní ohun tuntun tó fẹ́ sọ mọ́.

Kò sí PET níbi tí a wà. Fluorine-18 kì í dúró de ẹnikẹ́ni: láàárín ìṣẹ́jú 110, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi ọkọ̀ gbé láti ọ̀nà jíjìn wá bí ẹja yíyan. Èyí túmọ̀ sí pé a ó fi nǹkan méjì tí ojú wọn ò mọ́lẹ̀ tó ti PET rọ́pò rẹ̀: àwòrán tó ń sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí iná ṣe ń jó tó. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò fọkàn tán èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Òógùn òru dáwọ́ dúró kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lẹ́yìn dírípù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìpín kejì, ESR ti wá sí 38, albumin ti gòkè sí 36. CRP ló fẹ́ dá wa láàmú díẹ̀. Láàbù tí a ń lò kò ní nǹkan èlò lọ́sẹ̀ náà, wọ́n lọ ṣe é níbòmíràn. Dókítà kékeré kan gbé ìwé náà wá, inú rẹ̀ ń dùn: “Sà, ó ti di 1.1!” Mo gba ìwé náà, mo wo igun rẹ̀. Mg/dL ni láàbù kejì fi ń ka tiwọn, mg/L ni tiwa. 11 ni 1.1 yẹn. Ìròyìn ayọ̀ ṣì ni, láti 96 sí 11, ṣùgbọ́n ká ní òdìkejì ni, ká ní 9.6 ni wọ́n kọ, bóyá à bá ti jó fún àrùn tí kò kúrò lójú kan. CT sọ pé ti àyà ti dín kù sí 6.4. Owó CT náà, ìjọ wọn ló dá a.

Lẹ́yìn dírípù àkọ́kọ́ ti ìpín kẹta ni nǹkan yí padà. Òru ni wọ́n gbé e dé. Ara rẹ̀ gbóná dé 39.4, ó ń gbọ̀n, aṣọ rẹ̀ sì ti rẹ sínú òógùn. Ìyá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀, aṣọ náà ló kàn nà sí mi. A gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ oògùn kòkòrò inú dírípù lójú ẹsẹ̀, nítorí ẹni tó ń gba kẹ́mò tí ibà bá mú, èèyàn kì í dúró de èsì kó tó ṣe é. Ní àárọ̀, CRP dé: 140. Ó ju ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá lọ.

Mo jẹ́wọ́ ibí yìí. Mo ti mú bírò. Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì sínú fáìlì rẹ̀ pé àrùn náà ti gbé orí sókè lójú oògùn, ká yí i sí BEACOPP, oògùn tó le ju ABVD lọ fíìfíì, tó lè gba agbára ìbímọ lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin. Òógùn ti padà, ibà ti padà, CRP ti fò sókè. Kí ló tún kù?

Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ló tún béèrè ọ̀rọ̀: “Dókítà, ṣé èsì ibà ti dé?” Ibà lásán ló ń sọ o, ibà ẹ̀fọn. A ti gba ẹ̀jẹ̀ fún un lóru, kò sẹ́ni tó lọ wá èsì rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí láàbù. Kòkòrò ibà wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ. Neutrophil rẹ̀ jẹ́ 1.6, kò burú jù fún ẹni tó ń gba kẹ́mò.

Ṣùgbọ́n kí ibà wà lára ẹni kò ní kí àrùn Hodgkin má padà. Méjèèjì lè jọ wà. Àwòrán ló yanjú rẹ̀, kì í sì í ṣe CT, nítorí kò sí ọ̀kadà mìíràn láti tà. X-ray àyà la ṣe. A fi rúlà wọn ibi tí nǹkan náà fẹ̀ jù, a fi fífẹ̀ àyà pín in. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, 0.38 ni. Lẹ́yìn ìpín kejì, 0.22. Lọ́jọ́ ibà yìí, 0.21. Kókó ọrùn rẹ̀ kò sì hàn mọ́ lábẹ́ ìka. Iná ńlá ń jó, ilé tí a ń ṣọ́ kọ́ ló ń jó. Mo fa ìlà pa ohun tí mo kọ.

Oògùn ibà ọjọ́ mẹ́ta ló gbà. Kò sí kòkòrò mìíràn tó hù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dá oògùn inú dírípù dúró. Lọ́jọ́ keje CRP ti di 14. Bí CRP ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí ohun tó ń ru ú sókè bá ti kúrò, ìdajì rẹ̀ ń lọ ní bíi wákàtí 19. ESR kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ́ra, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó balẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ pàápàá sì lè gbé e sókè láìsí iná kankan. Ká ní ESR nìkan la gbójú lé lọ́sẹ̀ náà, à bá ti yí oògùn rẹ̀.

Ó gba ìpín mẹ́fà pé. Ìwádìí RATHL, tó jáde ní 2016, ti fi hàn pé wọ́n lè yọ bleomycin, ọ̀kan nínú oògùn ABVD tó lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára, kúrò fún ẹni tí PET rẹ̀ bá mọ́ lẹ́yìn ìpín kejì, kí ẹ̀dọ̀fóró lè sinmi. Àwa tí a kò ní PET kò lè fi ìwé yẹn ṣe ẹ̀rí. A ò yọ bleomycin kúrò, a ń béèrè ikọ́ àti èémí lọ́wọ́ rẹ̀ kí dírípù kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Kò wúkọ́.

CT ìparí: 3.4. Kókó ọrùn ti lọ, ti inú ikùn ti lọ, ESR 12, CRP 3, albumin 42, ìwọ̀n rẹ̀ 69. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbọ́ pé ó ti tán, mo sì mọ̀ pé 3.4 yẹn kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́. Nínú Hodgkin onírú nodular sclerosis, ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láàárín àyà kì í sábà yọ́ tán, ó máa ń fi àpá líle sílẹ̀. CT kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òkú àti alààyè. Bíríkìlà náà ní àpá kan lójúgun níbi tí búlọ́ọ̀kù ti já lé e lọ́dún pípẹ́, mo tọ́ka sí i. “Mama, ohun tó kù lè jẹ́ irú èyí. Ṣùgbọ́n a ó máa ṣọ́ ọ.” A bá àwọn onítànṣán ní ilé ìwòsàn mìíràn sọ ọ́. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ fi ìtànṣán kún un, àwọn kan ní ká dúró. Nítorí pé, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ ibà yẹn, àwòrán àti ẹ̀jẹ̀ jọ ń lọ sí ibì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, a dúró. Ó di 3.3 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 3.0 lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Ká ní CRP kọ̀ láti balẹ̀, tí ibà kò sì sí, mi ò rò pé ǹ bá ti gbà láti dúró.

Ohun tó yí padà ní wọ́ọ̀dù wa lẹ́yìn rẹ̀ kò ga. Ìwé kan wà níwájú fáìlì gbogbo ẹni tó ní lymphoma báyìí, ọjọ́ kan ní ìlà kan: ESR, CRP àti ẹyọ tí láàbù fi kà á, albumin, hemoglobin, neutrophil, lymphocyte, ìwọ̀n ara, fífẹ̀ ohun tó wà láyà lórí X-ray. Ẹnì kan náà ló ń fi rúlà wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti wà kí dírípù àkọ́kọ́ tó wọlé, torí ẹni tí kò mọ ibi tó ti gbéra kò lè mọ̀ bóyá òun ń lọ. A ń gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní dexamethasone tó ń dá èébì dúró, nítorí òun náà lè rẹ CRP sílẹ̀ lọ́nà ẹ̀tàn. CRP tó bá sì gòkè kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ́nsọ́tántì láìsí èsì ibà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí, nọ́ọ̀sì àgbà ló fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun kan tí mo ní kí àwọn dókítà kékeré ṣọ́ra fún ni kí wọ́n má gbé òṣùwọ̀n Hasenclever lọ fún àwọn lymphoma tí kì í ṣe Hodgkin. Àwọn yẹn ní tiwọn láti 1993, LDH, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, sì wà níbẹ̀.

Ó wá sí kílíníìkì lóṣù tó kọjá, ìyá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e mọ́. Sìmẹ́ǹtì ṣì wà ní èékánná rẹ̀, láti orí iṣẹ́ ló ti wá tààrà. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò sí nǹkan. Ó ń wò mí bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

“Sà, mo mu ẹmu lọ́jọ́ Sátidé. Ife méjì.”

“Ó dùn ọ́?”

“Rárá o, sà.” Ó rẹ́rìn-ín. “Mo ti padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu àkọ́kọ́, mo bẹ̀ ẹ́.”